Ta ni kò dáhùn? Bí screen reader ṣe ń bá Word, Excel àti LibreOffice sọ̀rọ̀

Ẹni tí kò ríran jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó ṣí Word, screen reader (ètò tó ń fi ohùn sọ ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà fún ẹni tí kò ríran) sì ń kà á fún un geere: gbólóhùn tó ń tẹ̀, àkọlé tó wà lókè rẹ̀, bọ́tìnì tó fẹ́ lò. Ó pa Word dé, ó ṣí ètò mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ni ohùn tó ti ń sọ̀rọ̀ bọ̀ bá dákẹ́ lójijì. Bí kò bá tiẹ̀ dákẹ́, "bọ́tìnì, bọ́tìnì, bọ́tìnì" ló ń pè ṣáá, kò sọ bọ́tìnì kí ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kọ̀ǹpútà kan náà ni, screen reader kan náà ni, ẹni tó ń ríran tó bá sì yọjú wo ibẹ̀ á rí gbogbo nǹkan kedere. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú. Àwọn kan á ní ohùn náà ló ti bàjẹ́. Àwọn mìíràn á ní kó lọ ra èyí tó wọ́n jù ú lọ.

Lójú tèmi, ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú kò ju ẹyọ kan lọ: wọ́n rò pé screen reader ń wo ojú kọ̀ǹpútà bí ojú èèyàn ṣe ń wò ó. Kì í wò ó. Ìbéèrè ló ń béèrè. Ó ń bi ètò tó wà níwájú rẹ̀ pé: kí ló wà níbi tí mo dé yìí? Kí lorúkọ rẹ̀? Ipò wo ló wà? Ètò yẹn ló gbọ́dọ̀ fèsì, ohun tó bá sì fi fèsì ni ohùn á sọ jáde, tàbí kó yọ sábẹ́ ìka lórí ẹ̀rọ braille. Bí ètò náà bá yadi, ohùn á yadi. Nítorí náà, bí ibì kan bá dákẹ́, ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ bèèrè ni pé, ta ni kò dáhùn?

Láyé ìgbà tí lẹ́tà ṣì jẹ́ lẹ́tà

Ọ̀rọ̀ kò fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Láyé DOS, ìyẹn kí Windows tó gbòde, ojú kọ̀ǹpútà kò ju ìlà 25 lọ, lẹ́tà 80 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà sì ń tọ́jú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sínú ìrántí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi lẹ́tà. "A" tó wà lójú kọ̀ǹpútà, "A" náà ló wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ screen reader rọrùn nígbà náà: kó lọ síbi tí wọ́n kó lẹ́tà sí, kó kà á jáde. Jim Thatcher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IBM gbé irú rẹ̀ kan síta ní 1986. Ní 1989, Ted Henter gbé JAWS jáde fún DOS, láti ilé-iṣẹ́ tí òun àti Bill Joyce jọ dá sílẹ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà ni Henter, alùpùpù ló ń fi sáré ìdíje kó tó di pé ìjàǹbá ọkọ̀ gba ojú rẹ̀ ní 1978. JAWS yẹn ṣì wà títí dòní olónìí.

Windows ló wá da nǹkan rú. Nínú Windows, kò sí lẹ́tà lójú kọ̀ǹpútà mọ́, àmì kéékèèké aláwọ̀ ni gbogbo rẹ̀. "A" ti di àwòrán "A", bọ́tìnì ti di àwòrán bọ́tìnì. Kí ni screen reader fẹ́ kà níbẹ̀? Àwọn tó ń kọ ọ́ bá dọ́gbọ́n kan. Wọ́n lúgọ sáàárín ètò àti apá kọ̀ǹpútà tó ń ya nǹkan sójú rẹ̀, wọ́n ń gbọ́ gbogbo àṣẹ tó ń kọjá. Bí ètò bá ní "kọ ọ̀rọ̀ náà Save síbí", wọ́n á ti gbọ́ ọ kó tó di àwòrán, wọ́n á sì fi í sínú àkọsílẹ̀ tiwọn pé ọ̀rọ̀ báyìí wà níbi báyìí. Ọgbọ́n náà gbà wọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, àmọ́ ó ní ibi tó mọ. Ó mọ̀ pé "Save" wà níbẹ̀, kò mọ̀ bóyá bọ́tìnì ni tàbí ọ̀rọ̀ lásán, kò sì mọ̀ bóyá ó ṣeé tẹ̀ tàbí wọ́n ti tì í. Lọ́jọ́ tí ètò kan bá tún pinnu láti máa ya nǹkan lọ́nà mìíràn, gbogbo rẹ̀ á forí ṣánpọ́n.

Alárinà

Ní 1997, Microsoft gbé ohun kan jáde tí wọ́n pè ní Active Accessibility. Kò sí ẹni tó máa lúgọ mọ́: ètò fúnra rẹ̀ ló máa sọ ohun tó wà lójú rẹ̀, screen reader á sì gba ibẹ̀ bi í. Mo máa pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní alárinà, torí iṣẹ́ alárinà gan-an ló ń ṣe. Kò mọ ohun tó wà nínú ilé ẹnì kankan. Iṣẹ́ tí wọ́n bá rán an nìkan ló ń jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú bọ́tìnì kan ṣoṣo, bọ́tìnì Bold, ká wò ó dáadáa. Ẹni tó ń ríran rí lẹ́tà B kan tó dúdú dẹ̀dẹ̀, ó rí i pé àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí tàwọn yòókù, ó sì ti mọ̀ pé Bold wà ní títẹ̀. Ìṣẹ́jú ojú kan ló fi mọ gbogbo rẹ̀. Kí ẹni tó ń fetí gbọ́ tó lè mọ ohun kan náà, ètò gbọ́dọ̀ fi nǹkan mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ rán alárinà. Irú ohun tó jẹ́: bọ́tìnì, irú èyí tí wọ́n ń tẹ̀ tan tí wọ́n sì ń tẹ̀ pa. Orúkọ rẹ̀: Bold. Ipò tó wà: wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, tàbí wọn ò tíì tẹ̀ ẹ́. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, ohùn á ní "Bold, bọ́tìnì, títẹ̀". Bí ẹni tó kọ ètò bá gbàgbé orúkọ, "bọ́tìnì" nìkan ló kù, ìyẹn orin tí a gbọ́ níbẹ̀rẹ̀ yẹn. Bó bá gbàgbé ipò, ẹni náà á mọ bọ́tìnì tó dé, kò ní mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ tó fẹ́ tẹ̀ máa dúdú tàbí kò ní dúdú. Bó bá sì jẹ́ pé àwòrán lásán ló yà síbẹ̀, tó kàn ní kí mouse máa tẹ̀ ẹ́, bọ́tìnì yẹn kò sí láyé rárá fún ẹni tó ń fetí lo kọ̀ǹpútà.

Nǹkan kẹrin wà tí wọ́n máa ń gbàgbé jù lọ: ìròyìn. Screen reader kò lè máa bi ètò léèrè láìdákẹ́ pé ibo lo dé báyìí, ibo lo dé báyìí. Ètò ló yẹ kó kéde fúnra rẹ̀ pé kọ́sọ̀, àmì tó ń fi ibi tí èèyàn wà hàn, ti kúrò níbí ó ti bọ́ sọ́hùn-ún, mẹ́nù ti ṣí, àpótí ìkìlọ̀ ti yọ. Bí kò bá kéde, ẹ lè máa tẹ ọfà ìsàlẹ̀ nínú mẹ́nù kan kí ohùn má sì tẹ̀ lé yín, bẹ́ẹ̀ mẹ́nù ń rìn lójú kọ̀ǹpútà. Àṣejù náà kò sì dáa. Ètò tó bá ń kéde gbogbo lẹ́tà tó yí padà nínú ìwé olójú ewé 200 á sọ kọ̀ǹpútà di ìgbín.

Alárinà kò wá jẹ́ ẹyọ kan. Active Accessibility mọ bọ́tìnì àti mẹ́nù dáadáa, àmọ́ tó bá kan ìwé gígùn, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o. Kò sí bí ẹ ṣe lè gba ibẹ̀ bèèrè pé lẹ́tà wo ni kọ́sọ̀ wà lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí ṣé ó dúdú ni, ìlà kelòó nínú àtẹ la wà. Fún ètò tó ń kọ ìwé, ìyẹn ló sì ṣe pàtàkì jù. IBM fi IAccessible2 dí àlàfo náà ní 2006. Microsoft náà gbé alárinà tuntun tirẹ̀, UI Automation, wọlé pẹ̀lú Windows Vista. Lórí Linux, AT-SPI ni wọ́n ń lò, screen reader tó ń jẹ́ Orca ló sì ń gba ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Mac ní alárinà tirẹ̀, èyí tí VoiceOver, screen reader tó ti wà nínú Mac láti 2005, ń bá ṣiṣẹ́. Ẹ wá ro ti ètò tó fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux: alárinà mẹ́ta ló máa tọ́jú, kálukú wọn ló sì ní bí wọ́n ṣe ń bá a sọ̀rọ̀.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn Word

Ohun kan wà tí àwọn tó ń kọ ètò tuntun kì í tètè mọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Word kò gba ọ̀dọ̀ alárinà sọ̀rọ̀ dáadáa. Ilẹ̀kùn mìíràn ló ní, èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn tó fẹ́ fi macro, ìyẹn àṣẹ tí wọ́n kọ sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, darí rẹ̀: láti ibẹ̀, ètò mìíràn lè bi Word pé kí ni gbólóhùn kẹta, irú lẹ́tà wo ló jẹ́, àtẹ mélòó ló wà nínú ìwé yìí. Àwọn tó kọ JAWS gba ilẹ̀kùn yẹn wọlé, àwọn tó kọ NVDA, screen reader mìíràn lórí Windows, náà gba ibẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n sì mọ gbogbo kọ̀rọ̀ inú Word. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni NVDA ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lo UI Automation nínú Word tó bá jẹ́ tuntun.

Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé ètò kan "ò dáa fún afọ́jú" nítorí pé kò sọ̀rọ̀ tó Word. Word ní àwọn tó ń ṣe àkànṣe iṣẹ́ nítorí rẹ̀. Ètò tuntun kò ní irú wọn. Alárinà nìkan ló gbójú lé, bí alárinà bá sì jẹ́ iṣẹ́ tó pé, ó yẹ kó tó.

Ti OpenOffice

Ìtàn OpenOffice, àkójọ ètò ọ́fíìsì tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí Word àti Excel ń ṣe, fi gbogbo èyí hàn dáadáa. Àwọn tó kọ ọ́ fẹ́ kó rí bákan náà lórí Windows, Linux àtàwọn yòókù, torí náà ètò náà ló ń ya bọ́tìnì àti mẹ́nù tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò yá ti Windows lò. Èrè rẹ̀ ni pé ojú rẹ̀ jọra níbi gbogbo. Àdánù rẹ̀ ni pé Windows kò rí ju pátákó ńlá kan ṣoṣo lọ, kò mọ ohun tó wà lórí rẹ̀. Gbogbo ìdáhùn, látorí bọ́tìnì dórí lẹ́tà, OpenOffice ló gbọ́dọ̀ pèsè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó pèsè wọn, àmọ́ Java, ètò mìíràn tó gbọ́dọ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà lọ́tọ̀, ló gbà pèsè wọn. Lórí Windows, ẹni tí kò ríran gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi Java sórí kọ̀ǹpútà, kó fi Java Access Bridge, afárá tó so Java mọ́ screen reader, tì í, kó rí i pé screen reader òun gbọ́ èdè ìyẹn, lẹ́yìn náà kó lọ sínú Options, kó fọwọ́ sí ibi tí wọ́n kọ "Support assistive technology tools" sí, kó pa ètò náà, kó tún un ṣí. Ẹ kíyè sí i: kó tó lè gbọ́ ohùn, ó gbọ́dọ̀ débi àpótí kan nínú ètò tí kò tíì ń sọ̀rọ̀. Kò yà mí lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ èèyàn padà sídìí Word.

Ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ti kọ̀ǹpútà nìkan ní 2005, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà kéde pé láti oṣù Ṣẹẹrẹ 2007, irú fáìlì kan tó ń jẹ́ OpenDocument, irú èyí tí OpenOffice ń lò, ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa lò. Ète rẹ̀ dáa: kí ìwé ìjọba má ha sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo. Àwọn aláàbọ̀ ara ló dìde pé, àwa ńkọ́? Ètò tó ń ṣí irú fáìlì yẹn nígbà náà kò bá screen reader ṣe dáadáa, bí ìlànà náà bá sì múlẹ̀ bẹ́ẹ̀, òṣìṣẹ́ tí kò ríran kò ní lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ariwo wọn so èso. OpenDocument 1.1, tó jáde ní 2007, fi ààyè sílẹ̀ fún orúkọ àti àlàyé lórí àwọn ohun yíyà, pẹ̀lú àwọn àtúnṣe mìíràn tí èyí tó ṣáájú kò ní. Massachusetts náà tẹ̀ síwájú láti gba irú fáìlì ti Microsoft mọ́ ọn nínú ọdún yẹn kan náà.

Ti ètò náà fúnra rẹ̀ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. IBM ti kọ́ IAccessible2 sínú Lotus Symphony, ètò tiwọn tó wá láti ara OpenOffice, wọ́n sì fi iṣẹ́ náà ta OpenOffice lọ́rẹ. Ó di 2014 kó tó yọ nínú Apache OpenOffice 4.1, LibreOffice, tí òun náà wá láti ara OpenOffice, sì gbà á lò. Láti ìgbà náà, èèyàn lè fi NVDA ṣí LibreOffice lórí Windows kó máa sọ̀rọ̀ láìsí Java kankan níbẹ̀. NVDA fúnra rẹ̀ kò gba kọ́bọ̀: Michael Curran, ọmọ Australia tí òun náà kò ríran, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2006 torí pé owó àwọn tó wà nílẹ̀ ti pọ̀ jù.

Sẹ́ẹ̀lì tó lé ní bílíọ̀nù 17

Ìwé ìṣirò ní wàhálà tirẹ̀ tó máa ń dùn mọ́ mi láti ṣàlàyé. Ojú ewé kan ṣoṣo nínú Excel ní ìlà 1,048,576 àti òpó 16,384. Bí ẹ bá sọ wọ́n di púpọ̀, sẹ́ẹ̀lì (àpótí kékeré tí ìlà àti òpó ti pàdé) tó lé ní bílíọ̀nù 17 nìyẹn. LibreOffice tòde òní náà tó bẹ́ẹ̀. Bí ètò bá fẹ́ máa ṣètò ìdáhùn sílẹ̀ de gbogbo sẹ́ẹ̀lì gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣe fún bọ́tìnì, kò sí kọ̀ǹpútà tó lè gbà á. Torí náà ìdáhùn kì í sí nílẹ̀ títí kọ́sọ̀ fi máa dé orí sẹ́ẹ̀lì kan. Ìgbà yẹn gan-an ni ètò á ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a: "B7, 4500, òpó Iye". Bí ẹ bá kúrò lórí rẹ̀, ó dà á nù. Bí nǹkan bá ṣe bí ẹni fà sẹ́yìn díẹ̀ nínú ìwé ìṣirò ńlá, ibi tí ìṣòro ti sábà máa ń wà nìyẹn: screen reader bèèrè nǹkan tó kọjá sẹ́ẹ̀lì kan, ètò náà sì ń dá ìdáhùn lójú ẹsẹ̀, ọ̀kẹ́ àìmọye.

Àpótí tí kò lórúkọ

Bí ẹ bá ń kọ ètò, tí ẹ ò sì ní ayé láti ṣe ju nǹkan kan lọ, ẹ ṣe èyí. Ẹ ṣí àpótí Find and Replace. Ẹni tó ń ríran rí ọ̀rọ̀ náà "Find", àpótí ìkọ̀wé kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Replace" wà nísàlẹ̀, àpótí mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú ló so wọ́n pọ̀. Nínú kọ̀ǹpútà, ohun mẹ́rin tí kò mọ ara wọn ni wọ́n. Ẹ fi Tab rìn láàárín wọn, NVDA á sọ "edit", á tún sọ "edit". Èwo ni ti ọ̀rọ̀ tí à ń wá, èwo ni ti èyí tó máa rọ́pò rẹ̀? Ẹni tó bá ṣì í kọ máa yí ọ̀rọ̀ tí kò yẹ padà jákèjádò ìwé. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju ìlà kan tàbí méjì lọ nínú ètò: pé ọ̀rọ̀ yìí ni orúkọ àpótí yìí. Gbogbo irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ irú ojú ètò bẹ́ẹ̀ ló ní ààyè fún un.

Kíbọ́ọ̀dù ló tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń lo screen reader kì í sábà fọwọ́ kan mouse. Tab, ọfà, Alt, àti F6 tó ń gbé èèyàn láti apá kan dé apá kejì nínú ètò Microsoft Office ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Ibi tí kíbọ́ọ̀dù kò bá dé, bí orúkọ rẹ̀ ṣe wù kó dára tó, ẹni náà kò lè dé ibẹ̀.

Nígbà tó jẹ́ òǹkọ̀wé ni kò dáhùn

Títí dé ibí yìí, ètò là ń bá wí. Ṣùgbọ́n mo máa ń rí i pé ìwé gan-an ló ń ṣèdíwọ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ ojoojúmọ́, ẹni tó kọ ọ́ kò sì mọ̀ rárá. Alárinà lè pé, screen reader lè pé. Bí òǹkọ̀wé bá fi ojú nìkan ṣètò ìwé, kò sí ìdáhùn tí ètò máa rí fi ránṣẹ́.

Àkọlé ni àpẹẹrẹ tó burú jù. Òǹkọ̀wé tẹ ọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ di ńlá, ó fi Bold sí i, ó gbé e sáàárín. Lójú, àkọlé ni. Nínú fáìlì, gbólóhùn kan bíi ti gbogbo ìyókù ni, ó kàn sanra. Ẹni tó fẹ́ ka ìwé ojú ewé 60 tí wọ́n kọ báyẹn gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ láti òkè dé ilẹ̀ kó tó rí ibi tó ń wá. Bí òǹkọ̀wé bá ti fi Heading 1 tàbí Heading 2 ṣe é, ọ̀rọ̀ yí padà. Nínú Word, Ctrl+Alt+1 ló ń ṣe Heading 1. Nínú LibreOffice Writer, Ctrl+1. Ẹni tó ń fi NVDA kà á nínú Word á tẹ NVDA+Space, lẹ́yìn náà kó máa tẹ H, H, H, á sì máa fò láti àkọlé dé àkọlé bí ẹni tó ń fi ojú yẹ ìwé wò. Onílò JAWS á tẹ Insert+F6, gbogbo àkọlé á tò sílẹ̀ níwájú rẹ̀. (Àǹfààní rẹ̀ fún ẹni tó ń ríran náà ni pé tábìlì àwọn àkóónú á dá ara rẹ̀ ṣe. N kò mọ ìdí tí àwọn èèyàn tún fi ń fọwọ́ tò ó.)

Àtẹ náà: ẹ má fi Space tàbí Tab to nǹkan kó dà bí òpó. Ẹ fi àtẹ gidi ṣe é, kí ẹ sì sọ fún ètò pé ìlà àkọ́kọ́ ni orí àtẹ. Bí ẹni náà bá ń fi Ctrl+Alt àti ọfà rìn nínú rẹ̀, orúkọ òpó ló ń gbọ́ pẹ̀lú iye tó wà níbẹ̀. Láìsí èyí, "4500" á kàn dún láìsí ohun tó jẹ́. Sẹ́ẹ̀lì méjì tí wọ́n pa pọ̀ di ẹyọ kan nítorí ẹwà sábà máa ń da ìrìn yẹn rú.

Àwòrán nílò àlàyé kúkúrú, èyí tí wọ́n ń pè ní alt text. Ẹ tẹ bọ́tìnì ọ̀tún mouse lórí àwòrán, ẹ máa rí i níbẹ̀. Ohun tí àwòrán ń ṣe nínú ìwé ni kí ẹ kọ. "Àwòrán ìṣirò" kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. "Iye ọjà tí a tà lọ sókè láti oṣù Kẹta, ó sì já wálẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án" ni ìdáhùn. Èyí tó bá jẹ́ fún ẹwà lásán, ẹ sọ ọ́ di decorative kí ohùn fò ó kọjá. Àpótí ọ̀rọ̀ tó ń léfòó káàkiri ojú ewé tún burú jù bẹ́ẹ̀, torí kò sí lójú ọ̀nà tí kọ́sọ̀ ń tọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń ka ìwé tán láìmọ̀ pé ó wà. In Line with Text ni kí ẹ yàn.

Nínú PowerPoint, bí ẹ ṣe to nǹkan sórí síláìdì lójú kọ́ ni ohùn á ṣe kà á. Bí ẹ ṣe dá wọn sílẹ̀ ní ṣíṣẹ̀-n-tẹ̀lé ni. Ẹ ṣí Selection Pane, ẹ máa rí bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra gan-an, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n á sì kọ́kọ́ kà. Tó bá di PDF, ẹ lo Save As tàbí Export, ẹ má lo Print: Print máa ń gé gbogbo àkọlé àti orí àtẹ tí ẹ ti fi suuru ṣe kúrò, ọ̀rọ̀ lásán ló máa kù. Nínú LibreOffice, ẹ rí i pé Tagged PDF wà ní títẹ̀. Ìwé tí wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀ sínú PDF, kò sí lẹ́tà kankan nínú rẹ̀.

Office ti ní Check Accessibility láti 2010, inú Review ló wà nísinsìnyí. LibreOffice náà ní tirẹ̀ nínú mẹ́nù Tools. Ó dáa kí ẹ lò wọ́n, àmọ́ ẹ má fi gbogbo ọkàn lé wọn. Ohun tí kò sí ni wọ́n mọ̀, wọn ò mọ èyí tó wà tí kò wúlò. Bí ẹ bá kọ "àwòrán" lásán sí alt text, á ní kò séwu.

Bí ẹ ṣe máa mọ ẹni tí kò dáhùn

Kò sí ohun tó dà bíi kí èèyàn fetí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Lórí Windows, Ctrl+Windows+Enter máa ń tan Narrator, screen reader tó wà nínú Windows, òun náà ló sì ń pa á. Lórí Mac, Command+F5 ń tan VoiceOver. Lórí Linux tó ń lo GNOME, Super+Alt+S ń tan Orca. Ẹ pa ojú kọ̀ǹpútà, ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú kan, ẹ tọ́jú fáìlì rẹ̀, ẹ tún un ṣí.

Bí ibì kan bá dákẹ́, ẹ fi screen reader mìíràn dán an wò. Bí méjèèjì bá dákẹ́ lórí bọ́tìnì kan náà, ètò ni kò dáhùn. Bó bá jẹ́ pé ọ̀kan sọ̀rọ̀ tí èkejì dákẹ́, ìdáhùn ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀, screen reader kejì ni kò mọ bó ṣe máa gbà á. Bó bá jẹ́ ìwé kan ṣoṣo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí àwọn yòókù ń sọ̀rọ̀ geere, òǹkọ̀wé ni kí ẹ kàn sí, ẹ máà dá ètò lẹ́bi.

NVDA ní irinṣẹ́ méjì tó dáa fún èyí. Speech Viewer, tó wà nínú mẹ́nù Tools rẹ̀, máa ń kọ gbogbo ohun tí ohùn ń sọ sílẹ̀, èyí tó jẹ́ kí ẹni tó ń ríran tí etí rẹ̀ kò tíì mọ́ ohùn náà lè máa fojú tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá sì dúró lórí ohun kan tí ẹ tẹ NVDA+F1, á kó gbogbo ìdáhùn tí ètò fún un lórí ohun yẹn síta: orúkọ, irú, ipò. Ibi tí ẹ bá ti rí orúkọ tó ṣófo, ẹ ti rí ẹ̀bi náà.

Nígbà tí ẹ bá wá fẹ́ fi tó àwọn tó kọ ètò létí, "kò ṣiṣẹ́ pẹ̀lú screen reader" kò lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ kọ ẹ̀yà ètò náà, ẹ̀yà screen reader àti ti Windows tàbí Linux yín. Ẹ kọ bọ́tìnì tí ẹ tẹ̀, ní ṣíṣẹ̀-n-tẹ̀lé. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ohun tí ẹ gbọ́ àti ohun tó yẹ kí ẹ gbọ́, báyìí: "Mo ṣí Find and Replace, mo tẹ Tab lẹ́ẹ̀kan. NVDA sọ 'edit'. Ó yẹ kó sọ 'Replace, edit'." Ẹni tó kọ ètò lè má tíì gbọ́ screen reader rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n á mọ ìlà tó máa ṣí.